Tábúlẹ́ẹ̀tì wo ló bá mi mu?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ti lé lẹ́ni ọdún 60. Mo fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì tí n ó fi máa ka Bíbélì. Ṣé oníǹṣì 8 ni àbí 11? – Ìyá kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, Mà. Láti igun dé igun ni wọ́n ń wọn ojú tábúlẹ́ẹ̀tì; bí ìwọ̀n yẹn bá pọ̀ sí i, gígùn àti ìbú ojú rẹ̀ ló jọ ń pọ̀ sí i, nítorí náà ojú 11 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti 8. Bí ẹ bá sọ lẹ́tà di ńlá lórí 8, ẹsẹ díẹ̀ ni ẹ ó máa rí lẹ́ẹ̀kan. 11 ni mo fara mọ́ fún yín. Ó wúwo tó nǹkan bí ìdajì kílò, nítorí náà ẹ ra àpò tó lè gbé e dúró lórí tábìlì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e dání fún ìṣẹ́jú 10. Bí lẹ́tà ńlá bá ṣì ń ṣe bàìbàì, ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà ojú.