Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ti Orè Lọ sí Òkè Ọya

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Orè àti Òdìgbò, bí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín bá fẹ́ wakọ̀ lọ sí Àbújá, ẹ gbọ́ tẹnu àgbà.

Ẹ tètè sùn lálẹ́, kí ẹ gbéra ní ìdájí. Ẹ yẹ búrẹ́èkì, omi rédíétọ̀ àti táyà wò, títí kan táyà tó wà nínú búùtù.

Ẹ ó gba Oǹdó, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ àti Àkókó kọjá sí Kàbbà, kí ẹ tó dé Lọ́kọ́jà, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Ẹ ṣọ́ra ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà Àkókó. Tírélà tí búrẹ́èkì rẹ̀ já kì í mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Jíà kékeré ni kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má rọ̀ mọ́ ìdí tírélà.

Ẹ máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ara yín. Ẹni tí kò wakọ̀ kò gbọdọ̀ máa hanrun: òun ni yóò máa gbé fóònù, tí yóò máa bá ẹnìkejì tàkúrọ̀sọ. Bí ojú bá ń wúwo, ẹ yà sáàárín ìlú, ẹ má dúró létí igbó. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ wá ilé ìtura sùn. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Ẹni tó ń retí yín kò ní bi yín pé wákàtí mélòó lẹ lò. “Ṣé àlàáfíà lẹ dé?” ni yóò bi yín.