Nígbà tí Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Kò Bá Fi Wá Lọ́kàn Balẹ̀

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í sọ jáde: ẹ̀rù àrùn Éèdì lọ́kàn ẹni tí kò ní in.

Ká sọ pé obìnrin kan ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó bá a fọ aṣọ, wọ́n sì jọ jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ pé kòkòrò HIV wà lára aláìsàn náà. Kò rí oorun sùn mọ́. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ní kò sí. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, ló bá wọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n má baà rí i. Wọ́n ní kò sí. Ó tún dé Ìjẹ̀bú-Òde. Owó ọkọ̀ ń lọ, ẹja ń bàjẹ́ lórí igbá, ọkọ sì ti ń bèèrè ohun tó ṣe tó fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò káàkiri.

Ǹjẹ́ ó tilẹ̀ yẹ kó bẹ̀rù? Rárá. Ìbálòpọ̀ láìlo kọ́ńdọ́ọ̀mù, abẹ́rẹ́ tàbí abẹ tí ẹlòmíràn ti lò, ẹ̀jẹ̀ tí a fà síni lára láìyẹ̀ ẹ́ wò, àti láti ara ìyá sí ọmọ: ọ̀nà tí kòkòrò náà ń gbà nìyí. Kì í gba inú abọ́ oúnjẹ, ìbọwọ́, ìdìmọ́ra, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ẹ̀fọn. (Ife Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ńkọ́? Kò gba ibẹ̀ náà.)

Orúkọ tí a kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n, àrùn kògbóògùn, tó láti dẹ́rù bani. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997 tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, sọ ọ́ ní gbangba pé àrùn yìí ló pa á. Ó fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ òótọ́. Ikú nìkan ni ọ̀pọ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ oògùn rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Kò tíì lè lé kòkòrò náà jáde pátápátá, àmọ́ ẹni tó ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í kó o ran ọkọ tàbí aya nípa ìbálòpọ̀.

Bí ewu gidi bá ṣẹlẹ̀, kí a dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé. Oògùn ọjọ́ 28 wà tó lè dènà rẹ̀. Bí àyẹ̀wò tí a ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta bá ní kò sí, ó parí. Kò sí ohun tí wọ́n máa rí ní Ìkòròdú tí wọn kò rí ní Ẹ̀pẹ́.

Kí ló wá ń ṣe obìnrin yìí? Ẹ̀rù ni, ẹ̀rù náà sì ń ṣe ara. Àyà rẹ̀ ń já, ó ń làágùn, oúnjẹ kò wù ú, ó sì ń rù. Rírù náà ló tún ń kà sí àrùn. Àyẹ̀wò wá dà bí ara yíyún: bí a ṣe ń họ ọ́ ló ń dùn, kì í pẹ́ tó tún fi yún wa. A kò fara mọ́ àwọn tó ń pè é ní àìnígbàgbọ́. Ẹ má sì di ààwẹ̀ àti ìṣọ́ òru ru ẹni tí kò jẹun, tí kò sùn. Ẹ má bá a lọ ṣe àyẹ̀wò mìíràn. Ẹ má sì máa tún un sọ fún un nígbà gbogbo pé kò sí nǹkan, nítorí ìyẹn náà ti di àyẹ̀wò. Ẹ bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà, kó sì sọ pé ẹ̀rù ló gbé òun wá, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìtọ́jú wà fún un, ti ọ̀rọ̀ sísọ àti ti oògùn. Bí wọ́n bá ní kó lọ sí Yábàá, kó lọ. Kì í ṣe ẹni tó ń já aṣọ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Ẹni tí gbogbo wa gbàgbé ni ìyàwó àbúrò ọkọ náà. Ó ti rí i pé wọ́n ya abọ́ òun sọ́tọ̀. Òfin ọdún 2014 ní kí a má ṣe yà á sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n òfin kì í wọ ilé ìdáná. Bí ẹ bá ń lọ kí obìnrin ẹlẹ́ja, ẹ yà kí òun náà. Bó bá gbé oúnjẹ wá, ẹ jẹ ẹ́.