Àròkọ Alálàyé: Ilé tí ó Mọ́, tí ó Lẹ́wà, tí ó sì ń Fa Àlejò Mọ́ra

Àlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́

Àròkọ alálàyé ni èyí. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú irú àròkọ báyìí ni láti jẹ́ kí ó yé ẹni tí yóò kà á bí nǹkan ṣe rí, bí a ṣe ń ṣe é, àti ìdí tí a fi ń ṣe é. A kò ní kí ẹ pa ìtàn, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní kí ẹ ṣe àríyànjiyàn.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ orí-ọ̀rọ̀ wò dáadáa. Ọ̀nà mẹ́ta ni orí-ọ̀rọ̀ yìí pín sí: kí ilé mọ́, kí ilé lẹ́wà, kí ilé sì fa àlejò mọ́ra. Ẹni tí ó bá kọ nípa ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì dáhùn ìbéèrè tán.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ tí ó yẹ kí ẹ yẹra fún. Bí a bá ti dárúkọ ilé tí ó lẹ́wà, ilé olówó ni ọkàn ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ. Wọn a bẹ̀rẹ̀ sí ka ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, fíríìjì, kápẹ́ẹ̀tì àti àga onítìmùtìmù sílẹ̀ bí ẹni tí ń ka ẹrù ọjà. Ìwé ẹrù nìyẹn, kì í ṣe àròkọ. Ohun tí ojú yín rí ní ìlú yín ni kí ẹ kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà kò ní láti yá ilé Èkó lò kí ó tó rí nǹkan kọ.

Ìlapa èrò

(i) Ìfáàrà: ohun tí ilé jẹ́ fún ènìyàn.
(ii) Ìmọ́tótó ni ìpìlẹ̀ ẹwà.
(iii) Ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ nínú ilé.
(iv) Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà.
(v) Ọ̀ṣọ́ tí kò wọ́n: aṣọ, ẹní àti òdòdó.
(vi) Ewu tí ó wà nínú àṣejù.
(vii) Ọ̀yàyà onílé.
(viii) Àgbálọgbábọ̀.

Àpẹẹrẹ àròkọ

Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ibikíbi tí ènìyàn ìbáà dé ní ọ̀sán, ilé ni yóò padà sí nírọ̀lẹ́. Nítorí náà, kò yẹ kí ilé jẹ́ ibi tí à ń sùn sí nìkan. Ó yẹ kí ó jẹ́ ibi tí ara ti ń tu onílé, tí inú àlejò sì ti ń dùn. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé owó ńlá ni ó ń mú kí ilé rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni pé owó dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni a fi ń tún ilé ṣe.

Ìmọ́tótó ni ìpìlẹ̀. Kò sí ọ̀ṣọ́ tí a lè kó sínú ilé tí ó dọ̀tí tí yóò yẹ ilé náà. Láyé àtijọ́, kí sìmẹ́ńtì tó wọ́pọ̀, ilẹ̀ amọ̀ ni ó wà nínú ilé Yorùbá. Àwọn obìnrin a po ìgbẹ́ màlúù mọ́ omi, wọn a fi pa ilẹ̀ náà títí yóò fi jọ̀lọ̀, kí eruku má baà máa sọ. Ẹni tí ó bá rò pé àwọn ìyá wa kò mọ̀ nípa ìtọ́jú ilé, kí ó rántí iṣẹ́ yìí. Lónìí, iṣẹ́ náà ti rọrùn. Kí a gbá ilé àti àyíká ní òwúrọ̀, kí a gbọn òwú aláǹtakùn kúrò lókè àjà, kí a nu eruku ọyẹ́ kúrò lára fèrèsé, kí a sì da omi tí ó dá rogún sínú agolo nù, nítorí inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn ti ń pamọ. Kò sí èyí tí ó ń gba owó nínú gbogbo rẹ̀. Ìgbálẹ̀, omi, àkísà àti ọwọ́ tí kò ṣe ọ̀lẹ ti tó.

Lẹ́yìn ìmọ́tótó ni ìmọ́lẹ̀. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì mú kí ó rọrùn láti kó ẹrù bíi páànù àti sìmẹ́ńtì wá láti Èkó. Irú ilé tí àwọn Àgùdà tí ó ti Bùràsílì dé kọ́ sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì tàn dé àárín ilẹ̀ Yorùbá. Ní Iléṣà, àwọn oníṣòwò tí à ń pè ní òṣómàáló ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú. Wọn a ta á láwìn, bí ọjọ́ owó bá sì pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Èrè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn rí, ilé ni wọ́n fi wá kọ́ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó ní òpó níwájú àti ọnà sìmẹ́ńtì lórí fèrèsé. A ṣì ń rí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Iléṣà àti ní Òṣogbo títí di òní. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ni ó máa ń la àárín wọn kọjá, tí yàrá yóò sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ó lè ṣókùnkùn. Ohun tí ó ń tún un ṣe kò le. Kí a ṣí ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn kí afẹ́fẹ́ lè là á já, kí a sì kun ògiri rẹ̀ ní funfun, nítorí àwọ̀ funfun a máa dá ìmọ́lẹ̀ padà. Garawa ọ̀dà kan péré lè sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ọmọdé ń bẹ̀rù láti gbà kọjá di ibi tí àgbàlagbà ń gbé àga sí láti gba atẹ́gùn.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, àpẹẹrẹ wà ní Òṣogbo tí gbogbo ayé mọ̀. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn obìnrin olórìṣà ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi ẹfun àti ilẹ̀ pupa ya àwòrán sí ara ògiri ojúbọ. Nígbà tí Susanne Wenger, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà ní ọdún 1950 láti ilẹ̀ Yúróòpù, irú iṣẹ́ báyìí wà lára ohun tí ó wú u lórí. Ó wá fi Òṣogbo ṣe ibùgbé, ó ń gbé nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní ọ̀nà Ìbòkun, iṣẹ́ ọnà sì kún inú ilé náà títí ó fi kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ni ó jọ ṣe àwọn ère ńláńlá tí ó wà nínú Igbó Òṣun, èyí tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo àgbáyé ní ọdún 2005.

Ta ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà? Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí. Sìmẹ́ńtì tí gbogbo bíríkìlà ń lò ni òun náà ń lò, ṣùgbọ́n ó fi ń ṣe ọgbà aláwòrán tí ó ní ihò, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí ojú sì ń rí ènìyàn àti ẹranko lára rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni Aṣírù Ọlátúndé. Òòlù ni ó fi ń lu àwòrán sára álúmíníọ̀mù pẹlẹbẹ, tí àwọn ènìyàn sì ń gbé e kọ́ sára ògiri. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹwà kì í ti ọ̀nà jíjìn wá. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni ni a ń wò ní àwòtúnwò.

Ọ̀ṣọ́ tí agbára mẹ̀kúnnù ká kò ṣọ̀wọ́n. Ìlú aró ni a ń pe Òṣogbo. Bí a bá rán ọ̀pá adìrẹ díẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé, tí a sì tẹ́ ọ̀kan sórí ibùsùn, yàrá náà yóò yàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Nínú adìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìyẹ ni a fi ń fa ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun. Bí a bá rẹ ẹ́ sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bò kò ní mu aró, ibẹ̀ ni ọnà yóò ti hàn. Ní ti Ìjẹ̀ṣà, ọmọ ẹlẹ́ní ni oríkì ń pè wọ́n. Ẹní tí a gbọn, tí a sá sí oòrùn, tí a wá tẹ́ dáadáa, ó yẹ àlejò jokòó lé ju àga tí ó ya lọ. Níwájú ilé, a lè gbin pèrègún yí àgbàlá ká. A lè gbin tannápoṣó sínú agolo ọ̀dà tí a dá ihò sí ní ìdí, nítorí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni òdòdó rẹ̀ máa ń là, nígbà tí ará ilé ń ti ibi iṣẹ́ dé. Fọ́tò àwọn òbí àti ti ọjọ́ ìgbéyàwó yẹ kí ó wà lára ògiri. Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ó yẹ kí a ká a kúrò.

Àṣejù kò dára nínú ọ̀ràn yìí. Ṣe bí o ti mọ ni a ń wí fún ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ẹni tí ó ra àga láwìn kí àlejò lè yìn ín, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ lórí àga náà. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, ẹ̀rù a máa bà á pé olówó ni ó dé. Bẹ́ẹ̀ ni ilé mìíràn wà tí pálọ̀ rẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí ọmọ inú ilé wọ ibẹ̀, kí ó má baà ba nǹkan jẹ́. A ti tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe fún àlejò tí ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a sì ti gbàgbé àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní ìparí gbogbo rẹ̀, ìwà ni ẹwà. Ilé lè mọ́, kí ó sì lẹ́wà, síbẹ̀ kí àlejò má fẹ́ padà wá mọ́. Ohun tí ó ń fa àlejò mọ́ra ni ọ̀yàyà. Kí a dìde kí ó tó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì, kí a kí i káàbọ̀, kí a gba ẹrù ọwọ́ rẹ̀, kí a sì bu omi tútù fún un kí a tó bi í léèrè ohun tí ó bá wá. Bí ó bá bá wa nídìí oúnjẹ, kí a pè é pé kí ó wá bá wa jẹ ẹ́. Àlejò tí ó bá Ìjẹ̀ṣà nídìí iyán mọ ohun tí mò ń wí. Àlejò lè gbàgbé àwọ̀ ọ̀dà ara ògiri, ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé ojú tí a fi gbà á.

Láìfa ọ̀rọ̀ gùn, ilé ńlá yàtọ̀ sí ilé rere. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò lè gbá yàrá rẹ̀, kí ó ṣí fèrèsé, kí ó gbin òdòdó kan, kí ó sì rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ó wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọwọ́ náà ni a fi ń tún ilé ara ẹni ṣe.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣàkíyèsí

(1) Àpẹẹrẹ yìí gùn ju ohun tí àyè yóò gbà yín láti kọ nínú yàrá ìdánwò. Ẹ lè mú kókó mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ìlapa èrò, kí ẹ sì ṣe àlàyé wọn dáadáa.
(2) Kókó kan ni ó wà nínú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, àfi iṣẹ́ ọwọ́, tí a pín sí ìpínrọ̀ méjì nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀.
(3) Òwe kò pọ̀ jù. Ìgbà tí òwe bá bá ọ̀rọ̀ mu nìkan ni a lò ó. Ẹni tí ó da òwe bo àròkọ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó kó àga kún pálọ̀ tí kò sí àyè ìrìn mọ́.
(4) Orúkọ ìlú, orúkọ ènìyàn àti ọdún tí ó dájú a máa fún àlàyé lágbára. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ má ṣe kọ ọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

(a) Ṣe àlàyé ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí o sì lo ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú gbólóhùn: ọ̀yàyà, lóṣòó, dá rogún, jọ̀lọ̀, àwìn.
(b) Ṣe ìlapa èrò fún àròkọ lórí "Bí a ṣe ń gba àlejò ní ìlú mi".
(d) Kọ àròkọ lórí "Yàrá tí mo fẹ́ràn jù nínú ilé wa". Má ṣe dárúkọ ohunkóhun tí kò sí nínú yàrá náà.