Kí Ẹ Tó Tẹ̀ka sí Ìwé Ọlọ́pàá

Àwọn ènìyàn gbà pé kóòtù ni wọ́n ti ń dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ ni, adájọ́ ló ń kéde rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, àgọ́ ọlọ́pàá ni ẹjọ́ náà ti wọ́ wá, nínú ìwé tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti Patrick Okoroafor ní ìpínlẹ̀ Imo. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí ọlọ́pàá mú un ní 1995. Ó ní wọ́n dá òun lóró ní àgọ́. Ní 1997, kóòtù àkànṣe tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ fún ẹjọ́ ìdigunjalè dájọ́ ikú fún un ní Owerri, kò sì sí ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní 2001, ilé ẹjọ́ gíga ní ìdájọ́ ikú yẹn kò bófin mu. Síbẹ̀, wọn kò tú u sílẹ̀! Ó di 2012 kó tó jáde.

Òun tilẹ̀ jáde. Ní ìpínlẹ̀ Oyo, wọ́n pa Nasiru Bello nígbà tí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ní 1986, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ bá ìjọba wí, ó sì ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún ẹbí rẹ̀. Owó kì í jí òkú.

Ká ní Yorùbá kan ń tajà ní ọjà Ogbete ní Enugu, ni wọ́n bá mú un. Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì ni ọlọ́pàá ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ. Wọ́n ní, "Tẹ̀ka síbí, kí o máa lọ ilé." Kí ló yẹ kó ṣe?

Kó dákẹ́. Abala 35 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 gbà á láàyè láti má sọ nǹkan kan títí yóò fi rí lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tó bá yàn. Abala 36 ní aláìṣẹ̀ ni títí ẹ̀rí yóò fi fìdí ẹ̀ṣẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ka ẹ̀sùn fún un ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ ní kóòtù lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ̀sùn náà kì í bá ṣe èyí tó la ikú lọ, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e dé kóòtù, nítorí kóòtù wà nítòsí ní Enugu. Òfin nìyẹn o. Ní ti ìṣe, bíi méje nínú ẹni mẹ́wàá tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ni kò tíì gba ìdájọ́ kankan.

Bí wọ́n bá ti lù ú kó tó tẹ̀ka ńkọ́? Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní kóòtù kò gbọdọ̀ gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìjọba ni yóò sì fi hàn pé wọn kò fipá gbà á. Ṣùgbọ́n kí lọ́yà tètè tako ìwé náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú ìwé ọ̀hún wá síwájú adájọ́ bí ẹ̀rí. Ẹni tó bá dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó máa ń ṣòro fún un láti jà lẹ́yìn náà.

Ẹ̀yin tí kò lówó lọ́yà, ẹ béèrè ọ́fíìsì Legal Aid Council ní Enugu. Ìjọba àpapọ̀ ló dá a sílẹ̀ láti bá aláìní rojọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ka sí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kà fún yín ní èdè yín.