Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Owó Lórúkọ

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n bí sílé ọlá, Ọlá ni yóò bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀; ọmọ tí wọ́n bí sílé ọdẹ, Ọdẹ́ á wà níbẹ̀. Owó náà rí bẹ́ẹ̀ lójú mi. Owó oṣù ti ní orúkọ kí ó tó wọlé: owó ilé, owó iná, oúnjẹ, owó ọmọ níléèwé. Ṣùgbọ́n owó tí a kò fọkàn sí kì í bá orúkọ wá. Bí onílé kò bá tètè sọ ọ́ lórúkọ, àlejò ni yóò bá a sọ ọ́.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2008, àbúrò mi obìnrin kan tí a jọ ń jọ́sìn ní ìlú Houston dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ó ń ṣe, òun àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ń gbé.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ìjọba fẹ́ dá owó orí padà fún wa. Wọ́n ní tèmi á jẹ́ 900 dọ́là. Kí ni ẹ rò pé kí n fi ṣe?"

Mo ní, "Kí ló wà nílé?"

Ó wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́ ohun tó wí.

Òfin tí Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún yẹn ló mú owó ọ̀hún jáde. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti ń mẹ́hẹ, ọ̀pọ̀ ìdílé kò rí owó san lórí ilé tí wọ́n fi gbèsè rà mọ́, ìjọba sì fẹ́ kí owó máa rìn lọ́jà. Ẹnì kan lè gbà tó 600 dọ́là, tọkọtaya 1,200, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò tí ì pé ọdún 17 á sì fi 300 kún un. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju 75,000 lọ, tàbí tọkọtaya tí tiwọn bá ju 150,000, tiwọn á máa dín kù. Owó náà kì í ṣe ẹ̀yáwó, wọn kò sì ní gba owó orí lórí rẹ̀. Ohun kan dùn mí nínú òfin yẹn: bí ọkọ bá ní nọ́ńbà Social Security, nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń mọ ẹni, tí ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé kò tí ì ní, tí wọ́n sì jọ kọ ìwé owó orí kan náà, àwọn méjèèjì pàdánù. Mo mọ ilé Yorùbá tí ọ̀rọ̀ yìí ká mọ́.

Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn nínú Social Security ẹni ló sọ ọjọ́ tí owó máa dé. Àwọn tí wọ́n fún ìjọba ní nọ́ńbà àkáǹtì wọn ló kọ́kọ́ gbà: 00 sí 20 á ti rí i tó bá fi di ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, 21 sí 75 di ọjọ́ 9, 76 sí 99 di ọjọ́ 16. Àwọn tó ń retí sọ̀wédowó nínú lẹ́tà, àwọn kan nínú wọn dúró di ọjọ́ 11 oṣù Keje. Àwọn tí wọ́n ti yá owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wọn kọ ìwé owó orí wà lára àwọn tó dúró. Oyún tí a mọ oṣù ìbí rẹ̀ ni owó yìí, kò sì sí ìdí tí ó fi yẹ kí a bí i tán kí a tó máa wá orúkọ.

Àlejò tó fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ pọ̀. Ààrẹ ní kí a ná an. Ilé ìtajà Kroger ní ẹni tó bá kó 300 dọ́là nínú rẹ̀ wá, àwọn á fún un ní káàdì ìrajà tó tó 330, Sears náà ṣe irú rẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Ilé tó jẹ́ pé Kroger ló ti ń ra ìrẹsì àti ẹran lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, 30 dọ́là yẹn dára fún un, kí ó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ohun kan tó fẹ́ rà ní ilé ìtajà kan, tó wá lọ síbẹ̀ nítorí èènì, ó ti jẹ́ kí ọlọ́jà bá òun sọmọ lórúkọ. Àwọn gbájúẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n ń pe àwọn ènìyàn lórí fóònù pé àwọn ni IRS, iléeṣẹ́ owó orí Amẹ́ríkà, kí wọ́n ka nọ́ńbà àkáǹtì wọn kí owó lè tètè wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀, pa fóònù náà.

Kí ni àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ní àwọn máa fi ṣe? Matthew Shapiro àti Joel Slemrod, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Michigan, ṣe ìwádìí rẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló ní òun máa ná èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ní òun máa fi pamọ́. Àwọn tó ní gbèsè ni àwọn máa fi san fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Irú owó bẹ́ẹ̀ ti jáde ní 2001, 300 dọ́là fún ẹnì kan, 600 fún tọkọtaya, iye àwọn tó ní àwọn máa ná an nígbà yẹn náà kò sì ju nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún lọ. Àwọn olùwádìí mìíràn tó wo àkọsílẹ̀ ìnáwó àwọn ènìyàn lẹ́yìn náà rí i pé ìnáwó wọn ju ohun tí ẹnu wọn sọ lọ, pàápàá lórí ọkọ̀. Ibi tí ẹnu àti ọwọ́ ti pínyà nìyẹn. Bí owó kò bá ní orúkọ tó ju pé "màá fi san gbèsè" lọ, kò tí ì ní orúkọ. Gbèsè èwo? Èló? Ọjọ́ wo?

Àwọn kan bínú sí àwọn tó fi tiwọn san gbèsè, wọ́n ní wọn kò ran ìlú lọ́wọ́. Mi ò gbà. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ ti ìlú nígbà tí òrùlé rẹ̀ ń jò.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ilé wàyí. Àwọn owó kan wà tó jẹ́ pé àmútọ̀runwá ni orúkọ wọn. Ọmọ tó bá fẹsẹ̀ jáde, ẹnikẹ́ni kì í jókòó ṣe ìpàdé pé kí ni a ó máa pè é, Ìgè ni. Bí iléeṣẹ́ mànàmáná bá ti kọ ọjọ́ tí wọ́n máa já iná rẹ ránṣẹ́, bí onílé bá ti ní kí o kó jáde, bí táyà ọkọ̀ tí o fi ń lọ síbi iṣẹ́ bá ti fá tán, Ìgè lo bí. Má ṣe wá ìmọ̀ràn kiri.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbèsè. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí káàdì kírẹ́díìtì ti ń wọlé wa gan-an nìyẹn: lónìí 20 dọ́là epo mọ́tò, lọ́la bàtà ọmọ, lọ́tùnla aṣọ ẹbí tí a kò lè kọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní 600 dọ́là ni gbèsè orí káàdì, tí èlé rẹ̀ jẹ́ 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Bí gbèsè náà bá dúró bẹ́ẹ̀, èlé nìkan yóò jẹ 108 dọ́là kí ọdún tó yípo. Bí o bá gbé 600 kan náà lọ sí àkáǹtì tó ń san èlé 2 nínú ọgọ́rùn-ún, 12 dọ́là ni yóò bí fún ọ. Ẹni tó fi irú gbèsè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tó ń kó gbogbo owó rẹ̀ pamọ́, ajere ló fi ń pọnmi.

Gbèsè tó burú jùyẹn lọ wà, ti àwọn tó ń yáni lówó di ọjọ́ owó iṣẹ́. Sógundógójì àwọn bàbá wa ni, iná mànàmáná tí wọ́n tàn sí ìsọ̀ rẹ̀ kò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, 15 dọ́là ni wọ́n ń gbà lórí 100 dọ́là fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ń sún un síwájú títí ọdún fi yípo, 390 dọ́là ni yóò ti san lórí ọgọ́rùn-ún kan, ọgọ́rùn-ún náà yóò sì wà níbẹ̀ láìdín. Bí gbèsè yìí bá wà nílé, òun ni kí owó kọ́kọ́ kàn.

Síbẹ̀, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni kó gbogbo owó náà dà sórí gbèsè. Bí kọ́bọ̀ kò bá kù lọ́wọ́, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kọṣẹ́, káàdì kan náà ni yóò tún padà sí. Fi díẹ̀ sílẹ̀, sọ ọ́ ní Dúrójayé, kí o sì gbé e síbi tí ọwọ́ kì í tètè dé.

Ọkọ̀ tuntun ńkọ́? Owó yìí kò lè ra ọkọ̀, ohun tó lè rà ni ẹnu ọ̀nà gbèsè ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni 600 dọ́là wọlé, ìgbà ọgọ́ta ni oníṣọ́ọ̀bù ọkọ̀ máa retí rẹ láàárín ọdún márùn-ún.

Ilé tí mò ń sọ kò mọ sí Houston. Ìyá wà nílé, ẹ̀gbọ́n wà nílé. Nígbà yẹn, nǹkan bí náírà 117 ni dọ́là kan, 100 dọ́là sì tó gbọ́. Ẹ fi ránṣẹ́, ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn lórí fóònù, kedere, pé ẹ̀ẹ̀kan ni owó yìí wá, kí wọ́n má baà fi í ka oṣù tó ń bọ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni ti ìpín ìdókòwò. Lọ́dún yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa ń yáwó lórí káàdì láti ra ìpín báǹkì ní Nàìjíríà, nítorí gbogbo ayé ló ní ó ń gorí. Ìwọ̀n ọjà ìpín ìdókòwò ní Èkó ju 66,000 lọ ní oṣù Kẹta 2008. Kí ọdún náà tó parí, ó ti já wá sí 31,000 àti díẹ̀. Gbèsè orí káàdì kò bá a já wálẹ̀.

Àbúrò mi lọ sílé, ó wo ilé. Ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì pẹ̀lú bébà kan: 420 dọ́là fún káàdì tí èlé rẹ̀ ga jù, 160 fún táyà méjì, 100 fún màmá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, 220 fún Dúrójayé. Nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 83. Ní àárọ̀ ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, ó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti dé. Ó bá orúkọ rẹ̀ nílẹ̀." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti pín in bó ṣe wà nínú bébà.

Epo mọ́tò kọjá dọ́là mẹ́rin fún gálọ́ọ̀nù kan ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Ó fara dà á, kò fọwọ́ kan 220 náà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án, ìjì Ike fẹ́ wọ Texas, ó gba iná lọ́wọ́ ohun tó ju mílíọ̀nù méjì ilé àti ìsọ̀ lọ. Ẹran tó wà nínú fíríìjì rẹ̀ bàjẹ́, ibi iṣẹ́ rẹ̀ tì fún ọjọ́ mélòó kan. Dúrójayé ló ra omi, yìnyín, búrẹ́dì àti epo tó gbé e padà síbi iṣẹ́. Ó bu nínú búrẹ́dì náà fún àwọn ará yàrá kejì. Nígbà tí iná dé ní ọjọ́ kẹwàá, 37 dọ́là ló ṣẹ́kù, káàdì rẹ̀ sì wà nínú dúrọ́ọ̀ níbi tó fi í sí láti oṣù Karùn-ún.