Ẹ̀kọ́ Lórí Àtúnṣe Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì: Ọ̀rọ̀ Àtakò àti Ọ̀rọ̀-Arọ́pò-Orúkọ

Nínú ìwé àjọ̀dún yìí, a fẹ́ fi ẹ̀kọ́ kan síwájú yín tí òbí lè jókòó ti ọmọ rẹ̀ kọ́ nílé. Iṣẹ́ àlùfáà máa ń mú wa ka oríṣiríṣi ìwé: ìwé ìjẹ́rìí sí ìwà ọmọ tí ń wá iṣẹ́, ìwé ọmọ tí ń wá àyè ní yunifásítì, àti àkọsílẹ̀ ìpàdé ìjọ. Nínú wọn ni a ti rí i pé ọ̀rọ̀ kékeré kan tí a ṣì lò lè yí orúkọ rere padà lójú ẹni tí kò mọ oníwà náà. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Kí a tètè sọ èyí: ọmọ Yorùbá tí ń ṣi Gẹ̀ẹ́sì kọ kì í ṣe olódo. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, òfin èdè ilé rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé láìmọ̀. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó mọ ibi tí òfin èdè méjèèjì ti pínyà.

Ọ̀rọ̀ Àtakò

Ọ̀rọ̀ àtakò ni ó ń fi han òǹkàwé pé èrò tí ń bọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó ti kọjá, tàbí pé ó lòdì sí ohun tí à ń retí. Tiwa ni "ṣùgbọ́n", "àmọ́" àti "síbẹ̀síbẹ̀". Ti Gẹ̀ẹ́sì ni "but", "although", "despite", "however" àti "whereas".

Ní Yorùbá, a lè fi méjì so gbólóhùn kan ró: "Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò rọ̀, síbẹ̀ a lọ." Ó dùn létí, ó sì tọ̀nà. Ọmọ wa a wá gbé e bẹ́ẹ̀ sínú Gẹ̀ẹ́sì: "Although it rained, but we went." Gẹ̀ẹ́sì kò gba "although" àti "but" papọ̀ báyìí. Kí ọmọ kọ "Although it rained, we went," tàbí "It rained, but we went." Kí ó mú ọ̀kan, kí ó fi ìkejì sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀-orúkọ ni "despite" ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe odindi gbólóhùn: "Despite the rain, we went." A kì í sì í kọ "despite of", "in spite" ni ó ni "of". Ní ti "however", kọ́mà nìkan kò tó láti fi í so gbólóhùn méjì pọ̀. Ẹ fi àmì ìdánudúró parí ti àkọ́kọ́ ná: "It rained. However, we went." "Whereas" sì dára fún fífi ẹni méjì wéra: "Taiwo likes farming, whereas Kehinde prefers trading."

Ohun tí ó jinlẹ̀ jù níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àtakò máa ń sọ ohun tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò ní lọ́kàn láti sọ. Ẹ wo ìlà yìí nínú ìwé ìjẹ́rìí: "She comes from a poor home, but she is honest." Gírámà kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni "but" ń ṣe láàárín? Ó ń sọ pé a kì í retí òótọ́ lọ́dọ̀ ọmọ tálákà. A fẹ́ yin ọmọ, a sì bú ilé rẹ̀. Ẹ fi í wé èyí: "Her parents had little money, but they bought all her books." Àtakò tòótọ́ wà nínú èyí, nítorí àìlówó ìbá ti dí ìwé rírà lọ́wọ́. Kí a tó kọ "but", kí a bi ara wa léèrè ohun tí ń tako ohun.

Ọ̀rọ̀-Arọ́pò-Orúkọ

Yorùbá ń lo "ó" fún ọkùnrin, obìnrin, ẹranko àti nǹkan gbogbo. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí "he", "she" àti "it". Ìdí nìyí tí ọmọ fi ń kọ "My mother said he is coming." Ẹ má fi í ṣẹ̀sín, àmọ́ ẹ tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ orúkọ wa, bíi Kẹ́hìndé, Bọ́lá àti Ayọ̀, kò fi akọ tàbí abo hàn. Àjèjì tí ń ka ìwé nípa Kẹ́hìndé kò ní ohun mìíràn tí yóò fi mọ̀ ju "he" tàbí "she" lọ. Bí ìlà kìíní bá pè é ní "he", tí ìlà kẹta sì pè é ní "she", yóò rò pé ènìyàn méjì ni, tàbí pé ẹni tí ó kọ ìwé náà kò mọ ọmọ náà rárá.

Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú máa ń fa àṣìṣe: "My father travelled to Ibadan and they will return on Friday." "Wọ́n" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni ọmọ náà gbé wá; ó gba ẹ̀kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì yóò máa wá àwọn tí ó bá bàbá náà rìn. "He will return" ni ó tọ́, kò sì sí àrífín nínú rẹ̀.

Ibi tí ó léwu jù nìyí: "The principal told the bursar that he had spent the money." Ta ni ó ná owó náà? Ní Yorùbá, bí a bá sọ pé, "Ọ̀gá ilé-ìwé sọ fún akápò pé òun ti ná owó náà," ọ̀gá ni ó ná an. Bí a bá sọ pé, "Ọ̀gá ilé-ìwé sọ fún akápò pé ó ti ná owó náà," ẹlòmíràn ni, kì í ṣe ọ̀gá. "Òun" ń tọ́ka padà sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀. "He" kan náà ni ó ń jẹ́ fún méjèèjì. Ọmọ tí ń túmọ̀ lọ́kàn yóò rò pé òun ti sọ ọ́ yé, nígbà tí ìyàtọ̀ náà ti jábọ́ lójú ọ̀nà. Kí ó yan ọ̀rọ̀-ìṣe tí yóò fi òótọ́ hàn: "The principal accused the bursar of spending the money," tàbí "The principal admitted spending the money."

Èyí kọjá ọ̀rọ̀ máàkì ìdánwò. Bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá wọ inú àkọsílẹ̀ ìpàdé, tí àwọn tí ó wà níbẹ̀ sì ti kú tàbí tí wọ́n ti ṣí lọ, ta ni yóò gbèjà aláìṣẹ̀? Òfin kẹsàn-án kọ̀ fún wa láti jẹ́rìí èké. Ẹni tí kò ní i lọ́kàn láti purọ́ pẹ̀lú lè fi àìṣọ́ra kálàmù rẹ̀ ba ẹnìkejì rẹ̀ jẹ́.

Ìdánrawò

Kí ọmọ tún ìwọ̀nyí ṣe kí ó tó wo ìdáhùn.

1. Although the school is old, but its walls are strong.
2. Bola told Tinu that she had failed.
3. When the car hit the gate, it was damaged.
4. Despite she was ill, she sat for the examination.

Ìdáhùn

1. Ẹ yọ "but" kúrò.
2. Kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ó gbọ́ bóyá "òun" ni yóò lò. Bí Bọ́lá ni ó fìdí rẹmi: Bola told Tinu, "I have failed." Bí Tinú ni: Bola told Tinu, "You have failed."
3. Ọkọ̀ ni ó bàjẹ́ ni, àbí géètì? Bí géètì ni: "The gate was damaged when the car hit it." Bí ọkọ̀ ni: "The car was damaged when it hit the gate."
4. "Despite her illness, she sat for the examination," tàbí "Although she was ill, she sat for the examination."

Ẹ̀yin òbí, ẹ má tìtorí Gẹ̀ẹ́sì lé Yorùbá kúrò nínú ilé yín. Ọmọ tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín "òun" àti "ó" ti ní etí tí yóò fi gbọ́ ibi tí "he" ti rú ni lójú. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ẹni tí a lè gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, ní èdè yòówù tí wọ́n bá fi kọ ọ́. Àmín.