Ìpele Ìmọ̀-ọ́n-ṣe nínú Eré Ìṣe-bí-ẹ̀dá-ìtàn, àti Ohun tí Nọ́ńbà Rẹ̀ Dúró Fún

Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré Dungeons & Dragons jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni irú eré bẹ́ẹ̀ ti di púpọ̀. Àwọn tí ń ṣeré a jókòó yí tábìlì ká, olúkúlùkù a máa sọ̀rọ̀, a sì máa pinnu bí ẹ̀dá-ìtàn kan, ẹnì kan nínú wọn a sì máa darí ìtàn. Bí ẹ̀dá-ìtàn bá dáwọ́ lé ohun tí kò dájú pé yóò ṣeé ṣe, dáìsì, irú èyí tí a fi ń ta lúdò, ni yóò sọ bóyá ó yege tàbí kò yege. Eré ìṣe-bí-ẹ̀dá-ìtàn ni a lè pè é ní Yorùbá. Orúkọ eré kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro wà níbi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí àwọn ìwé òfin eré náà ń lò léraléra, tí àwọn olùtúmọ̀ sì máa ń sọ di ìpele láìwẹ̀yìn. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí kò jẹ́ ọ̀kan náà láti eré dé eré.

Nínú Dungeons & Dragons ti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀dá-ìtàn lódindi ni nọ́ńbà náà wà fún, kì í ṣe iṣẹ́ kan pàtó. Ìwé òfin ti ọdún 1978 fún olè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 25 nínú 100 láti ṣí àgádágodo. Bí ó bá ti ń kó wúrà tí ó sì ń ṣẹ́gun ọ̀tá ni nọ́ńbà rẹ̀ ń ga, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń dá sí i lórí àgádágodo, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀kan ṣoṣo láàárín ìgbà náà. Kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó kọ́ṣẹ́ báyìí. Oyè ni ohun tí nọ́ńbà yìí jọ; ipò ni ó yẹ kí a pè é.

Traveller, tí Marc Miller ṣe ní ọdún 1977, gba ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tí ó ní 1 nínú ìmọ̀ ìṣègùn tó láti tọ́jú àwọn èrò inú ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tí ó ní 3 ni a ń pè ní dókítà. Ìpele bá èyí mu dáadáa, nítorí pé àwùjọ ni ó fi nọ́ńbà náà jẹ́rìí ẹni, bí ìwé-ẹ̀rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú jù ni Call of Cthulhu, eré Sandy Petersen tí ó jáde ní ọdún 1981. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni a fi ń wọn ìmọ̀-ọ́n-ṣe níbẹ̀. Ẹ̀dà keje, ti ọdún 2014, sọ pé ẹni tí ó ní 50 sí 74 lè fi iṣẹ́ náà jẹun, àti pé ẹni tí ó bá ní 90 sókè wà lára àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù lágbàáyé. Òǹkàwé tí ó bá ka èyí ní ṣáńgílítí yóò béèrè pé: ta ni yóò gbéṣẹ́ fún káfíńtà tí ìdajì àga rẹ̀ ń wó?

Ìdáhùn wà nínú GURPS, eré tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1986. Dáìsì mẹ́ta ni a ń dà níbẹ̀, àròpọ̀ wọn kò sì gbọdọ̀ ju ìmọ̀-ọ́n-ṣe ẹni lọ. Ọ̀nà 216 ni dáìsì mẹ́ta lè gbà jábọ́. Ẹni tí ó ní 12 yóò yege ní ọ̀nà 160, èyí tí í ṣe ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n inú ewu ni ìṣirò yìí wà fún. Ẹ̀dà ti ọdún 2004 pàṣẹ pé kí a fi 4 tàbí 5 kún un bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ lásán. 12 di 16. Ọ̀nà ìyege di 212, ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọwọ́ kan náà ni, iṣẹ́ ni ó yàtọ̀. Àga káfíńtà kò wó. Ìgbà tí ilé ń jó lórí rẹ̀ ni a da dáìsì fún un.

Èdè Yorùbá ti ya nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀ tipẹ́. Ẹni tí ó mọ ọkọ̀ wà kò dà bí ẹni tí ó lè wa ọkọ̀ lóru nínú òjò. Mọ̀ ń tọ́ka sí ohun tí ó ti wà nínú ẹni. Lè ń wo ìgbà àti ibi pẹ̀lú. Nítorí náà, ìmọ̀-ọ́n-ṣe ni nọ́ńbà tí a kọ sílẹ̀, ìṣeéṣe ìyege sì ni ohun tí dáìsì ń dán wò. Olùkọ́ ìṣirò tí ó bá fẹ́ fi eré yìí kọ́ni ní ìṣeéṣe kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan pe èkejì.

Òfin kan wà nínú Call of Cthulhu tí ó súnmọ́ ìgbésí ayé gidi. Ẹ̀dá-ìtàn tí ó bá lo ìmọ̀-ọ́n-ṣe kan ní àṣeyọrí yóò tún da dáìsì lẹ́yìn ìtàn. Bí nọ́ńbà tí ó jábọ́ bá ju ohun tí ó ti mọ̀ lọ ni ìmọ̀ rẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Ẹni tí ó ní 30 ní àǹfààní 70 nínú 100 láti tẹ̀ síwájú. Ẹni tí ó ní 90 kò ní ju 10 lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lẹ́nu iṣẹ́: ọdún kìíní ọmọ-iṣẹ́ máa ń so èso ju ogún ọdún ọ̀gá lọ. Ṣùgbọ́n àṣeyọrí nìkan ni òfin yìí kà sí ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ aṣọ tí ọmọ-iṣẹ́ gé bà jẹ́ ń kọ́ ọ ju èyí tí ó gé dáadáa lọ.

Ohun tí ó kù láti fún lórúkọ ni 4 tàbí 5 tí a ń fi kún un. Àfikún ìrọ̀rùn lè ṣe é, bí àwọn olùtúmọ̀ yóò bá máa pe òdìkejì rẹ̀, èyí tí a ń yọ kúrò nígbà tí iṣẹ́ bá le, ní àyọkúrò ìnira.